Ilẹ̀ pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: kí ló yẹ ká ṣe sí i kí a tó tẹ́ laminate, vinyl tàbí táìlì lé e?

ỌmọÒkèÀdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹbí ni, ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn níbí, ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Pákó ni ilẹ̀ òkè: ó fẹ̀ tó ínṣì 6, ó nípọn tó ínṣì 1, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Pálọ̀ jẹ́ fíìtì 12 sí 12. Ó ń han bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń mì, àárín sì jìn díẹ̀. Laminate (pákó àtọwọ́dá tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra) la fẹ́ tẹ́, àmọ́ táìlì làwọn kan nínú ẹbí ń wí. Bíríkìlà ní ká da kọnkéré ínṣì 2 lé pákó kó lè tẹ́jú kíá. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kọnkéré lé pákó yẹn. Ẹ bá mi ṣírò ó. Fíìtì 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 13.4. Kọnkéré ínṣì 2 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ṣoṣo á wúwo tó kìlógíráàmù 100, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ á lé ní kìlógíráàmù 1,300 kí ẹ tó gbé àga kan wọlé. Àwọn tó kọ́ ilé náà kò fi ẹrù báyẹn sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń to igi ìdábùú tó gbé pákó dúró, orí igi náà sì wà nínú ògiri amọ̀. Yàtọ̀ sí ìwúwo, omi inú kọnkéré á mu pákó, pákó á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á súnkì padà, kọnkéré tí kò rí nǹkan dì mú á là, á sì máa dún kókókó lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ tó bá ń mì, igi ìdábùú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ yọ pákó méjì tàbí mẹ́ta lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni òjò máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni orí igi sì ti wọ ògiri. Ẹ fi ẹnu screwdriver gún igi náà. Bí ó bá wọlé tó ìdá mẹ́rin ínṣì láìjẹ́ pé ẹ fi agbára tì í, ẹ fi yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò: igi tó ṣì le á ya ní fọ́nrán gígùn, èyí tó ti jẹrà á já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Ibi tó dúdú tó sì tutù lọ́wọ́ fi hàn pé omi ṣì ń wọlé. Ẹ wá ibi tí omi náà ti ń wá, ìbáà jẹ́ páànù, ìbáà jẹ́ fèrèsé, ìbáà jẹ́ ògiri tó là níta, kí ẹ dí i pa. Bí ẹ kò bá dí i, igi tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ á tún jẹrà.

Igi ìdábùú tó bàjẹ́ lórí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ gé ibi tó ti rà kúrò, kí ẹ so igi tuntun tó ga bákan náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́; 2 by 6 ni kí ẹ fi ran 2 by 6. Kí igi tuntun náà rìn wọ ara igi tó ṣì dára tó fíìtì 2 ó kéré tán. Bóòtì 12mm ni kí ẹ fi dè é, ọ̀kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju ínṣì 16 lọ. Ìṣó nìkan kò tó. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé ògiri tó ínṣì 3. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú nínípọn sábẹ́ orí náà, kí ẹ sì fi àlàfo afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn bíríkìlà fẹ́ràn kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà gbọingbọin. Ẹ má gbà fún wọn, nítorí ọ̀rinrin ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igi, kò sì ní rí ọ̀nà jáde.

AyàwòránIlé_Jericho
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Kí n fi ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà àti oníná kún un. Ihò tí wọ́n bá lu sára igi ìdábùú kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta gíga igi náà lọ, ó sì gbọdọ̀ jìnnà sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ tó ínṣì 2. Gígé láti etí léwu ju ihò lọ: kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́fà gíga rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe gé e rárá láàárín gbùngbùn igi, ibi tó ti ń tẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí igi tí wọ́n gé ní ìdajì kí páìpù lè gbà á kọjá, ẹ so igi mìíràn mọ́ ọn kí ẹ tó pa pákó dé.

Àárín tó jìn ńkọ́? Ẹ na okùn láti orí igi ìdábùú kan dé ìdí rẹ̀, kí ẹ wọn bí igi ṣe jìnnà sí okùn ní àárín. Lẹ́yìn náà kí ènìyàn mẹ́ta dúró sójú kan náà, kí ẹ tún un wọn. Tí kò bá sún rárá, igi ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, kò tún tẹ̀ mọ́. Ẹ lè fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ojú rẹ̀ sókè. Tí ó bá ń tẹ̀ sí i, agbára rẹ̀ kò ká ẹrù, ẹ fi igi kún un.

Fún táìlì, òdiwọ̀n tí a ń lò ni pé igi kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ìdá kan nínú 360 gígùn rẹ̀ lọ nígbà tí ẹrù ilé bá pé lórí rẹ̀. Igi fíìtì 12, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 10mm. Òkúta mábù, ìdá 720 ni, 5mm. Bí ènìyàn mẹ́ta péré bá mú un tẹ̀ tó 5mm, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ táìlì nínú pálọ̀ yẹn. Táìlì kì í tẹ̀ rárá. Ó máa ń là ni. Laminate ní tirẹ̀ ní ìfaradà díẹ̀.

ỌmọÒkèÀdó
Ẹ ṣeun púpọ̀. Kọnkéré ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára pákó kan, lẹ́búlẹ́bú funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ikán ni àbí kí ni?

Apakòkòrò_Ìwó_Road
Ikán ilẹ̀ kì í da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Amọ̀ ló máa ń fi ṣe ọ̀nà rẹ̀ gba ara ògiri, inú igi ló sì máa ń jẹ, á fi awọ òde sílẹ̀. Ẹ fi orí òòlù kan pákó lọ ní gbogbo ojú. Ibi tó bá dún gbùngbùn, ẹ gún un wò. Ihò róbótó kékeré bí orí abẹ́rẹ́ olórí tí ìyẹ̀fun kíkúnná ń jáde nínú rẹ̀, kòkòrò ajẹgi ni. Bí ohun tó ń dà sílẹ̀ bá jẹ́ hóró wẹ́wẹ́ bíi iyanrìn, tí gbogbo hóró sì dọ́gba, irú ikán tó ń gbé inú igi gbígbẹ láìdé ilẹ̀ ni.

Kí ẹ tó ra oògùn, ẹ mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì wà láàyè. Ẹ gbá gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, kí ẹ fi ìwé tàbí aṣọ dúdú tẹ́ abẹ́ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sórí rẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ. Bí kò bá sí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú tàbí kí wọ́n ti fò lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ tún wo ibi tí ihò náà wà. Apá funfun etí igi ni kòkòrò yìí máa ń jẹ jù, kì í sáábà wọ ọkàn igi lára ìrókò. Bí ó bá jẹ́ etí funfun nìkan ni wọ́n jẹ, ẹ gé e kúrò, pákó yẹn ṣì wúlò.

Ẹ má fi ọ́ìlì dúdú, èyí tí a rọ̀ lára ọkọ̀, kun pákó. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò dáàbò bo igi tó bí a ṣe rò, ó ń rùn wọ inú ilé, iná máa ń tètè ràn mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù kankan kò sì ní lẹ̀ mọ́ pákó náà mọ́. Solignum (oògùn olóròóró tí a ń kun igi) àti irú rẹ̀ náà, abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ igi ìdábùú ni kí ẹ fi kùn, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ó gbẹ títí òórùn rẹ̀ á fi lọ kí ẹ tó bo ilẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù á bá kan ojú òkè pákó, ẹ lo oògùn olómi bíi bóráksì, èyí tí kì í fi òróró sílẹ̀. Ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fi ṣeré.

ÌyáOnípákó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ pákó tí ẹ fẹ́ fi dípò ńkọ́? Ẹ má ra arère fún ilẹ̀. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ìṣó kì í dúró nínú rẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò, apá, ayán tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Apá kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí súnkì, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá igi ilé rẹ̀ mọ̀, kó gé èérún rẹ̀ lọ béèrè ní FRIN (Forestry Research Institute of Nigeria) ní Jericho. Ọ̀rọ̀ igbó àti igi ni iṣẹ́ wọn.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni pákó tútù. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ṣọ́ọ̀mìì lè ní omi tó ju 30% lọ, bẹ́ẹ̀ inú ilé yín fẹ́ kí ó wà ní nǹkan bíi 12%. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, ẹ gé ègé kékeré láàárín pákó, kì í ṣe láti orí rẹ̀, kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sínú ófúùnù tó gbóná díẹ̀ ju 100°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ yọ ìwọ̀n gbígbẹ kúrò nínú ti tútù, kí ẹ fi ìwọ̀n gbígbẹ pín in, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí tútù bá jẹ́ gíráàmù 120, tí gbígbẹ jẹ́ 100, 20% ni. Ó ti pọ̀ jù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà
Màmá, ẹ ṣeun. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn nìyí: lásìkò òjò tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní 80%, igi á dúró sí nǹkan bíi 16%. Bí ọyẹ́ bá mú un wá sí 40%, igi á sọ̀ sí nǹkan bíi 8%. Pákó ínṣì 6 lè súnkì tó 2mm sí 3mm láàárín àsìkò méjèèjì. Ẹni tó bá tẹ́ pákó gidi tàbí laminate nínú ọyẹ́ gbọ́dọ̀ fi àlàfo tó fẹ̀ dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, 12mm ó kéré tán, nítorí wíwú ló kù fún un. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ lóṣù keje, súnkì ló kù. Oṣù kọkànlá ni mo fọwọ́ sí jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì le.

Ohun tí ẹ bá rà, ẹ gbé e sínú yàrá náà gan-an fún ọjọ́ 3 sí 7, kí ẹ tò ó ní pẹlẹbẹ pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀. Bí pákó gidi lẹ ń tẹ́, ọ̀rinrin rẹ̀ àti ti ilẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi ju 4% yàtọ̀ síra, 2% bí pákó bá fẹ̀ tó ínṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan híhan. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá mú pákó súnkì, ìṣó á tú díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, pákó á máa fi ara gbo ìṣó náà. Ìṣó tuntun tí ẹ bá kàn lé e á tún tú bákan náà. Síkúrù ni kí ẹ lò. Fún pákó ínṣì 1, síkúrù onínọ́ńbà 8 tó gùn ní ínṣì 2½. Ẹ lu ihò 4.5mm nínú pákó, kí síkúrù lè gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ lu 3mm nínú igi ìdábùú, kó bàa lè fa pákó mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá lu ihò, ìrókò á là tàbí kí síkúrù ṣẹ́. Méjì méjì lórí igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan, 20mm sí etí pákó, kí orí rẹ̀ rì tó 2mm. Àwọn ìṣó àtijọ́ náà, ẹ fi irin gún orí wọn wọlé tó 3mm.

Ẹ má lo síkúrù dúdú tí àwọn oníPOP ń lò. Ó gan, kì í tẹ̀. Bí pákó bá ń lọ tó ń bọ̀, orí rẹ̀ á já, híhan á sì padà.

Pálọ̀ yín: pákó 24, igi ìdábùú bíi 10 bí wọ́n bá tò ó ní ínṣì 16 síra, síkúrù méjì méjì. 480 nìyẹn. Ẹ ra 500. Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ pa iná ilé náà, nítorí wáyà gílóòbù ìsàlẹ̀ sábà máa ń gba àárín àwọn igi wọ̀nyí.

Ìyàwó_Agodi
Ẹ jọ̀ọ́, tiwa kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Búńgálò àtijọ́ ni, wọ́n gbé ilẹ̀ pákó rẹ̀ sókè díẹ̀, ihò wà ní ìsàlẹ̀ ògiri yíká. Ẹni tó fẹ́ tẹ́ vinyl (ìtẹ́lẹ̀ oníke) ní òun máa fi ọ̀rá bo gbogbo pákó kí ọ̀rinrin má bàa gòkè.

AyàwòránIlé_Jericho
Ìyá, ẹ má gbà. Lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀rá lójú ilẹ̀ tọ̀nà. Lórí pákó tó wà lókè iyẹ̀pẹ̀, ọ̀rinrin tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á wọ pákó, á kan ọ̀rá, á sì dúró síbẹ̀. Pákó á jẹrà lábẹ́ vinyl tó mọ́ lójú, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi rì. Vinyl fúnra rẹ̀ náà máa ń dí ọ̀nà ọ̀rinrin, ìdí nìyẹn tí abẹ́ ilé fi gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Orí iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ilé ni kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí, èyí tó nípọn tó 0.15mm, kí àwọn etí rẹ̀ gorí ara wọn dáadáa.

Àwọn ihò ìsàlẹ̀ ògiri yẹn ló ń pa ilẹ̀ yín mọ́ láti ìgbà náà. Fún fíìtì onígun mẹ́rin 150 ilẹ̀ ilé, ó yẹ kí ihò tó ṣí sílẹ̀ tó fíìtì onígun mẹ́rin kan, kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Nẹ́ẹ̀tì onírin tó lójú díẹ̀ ni kí ẹ fi dí eku. Ẹ lọ wò wọ́n lónìí: bí wọ́n bá ti to interlock sí àgbàlá tàbí da iyẹ̀pẹ̀ kún un, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ihò náà ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà
Vinyl tún ní ìṣòro mìíràn, ìyá. Bí ó bá jẹ́ 2mm tàbí 3mm, gbogbo àlàfo pákó àti orí ìṣó ló máa hàn lójú rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Plywood gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, 6mm ó kéré jù, 9mm ló tẹ́ mi lọ́rùn. Fún laminate ti Òkè-Àdó, bí pákó bá ti dì, tó sì tẹ́jú, fóòmù 2mm tàbí 3mm ti tó, bí ẹ bá tẹ́ laminate ní ìdábùú sí pákó, kì í ṣe kó tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ títẹ́jú wò. Ẹ wá irin tó tọ́ geere, mítà 2, kí ẹ máa yí i káàkiri ilẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ibi tó bá ga, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Ibi tó bá jìn, ẹ kọ iye mm rẹ̀ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 3mm lọ nínú mítà 2. Èyí tó ga, ẹ fá a, kí ẹ sì fi sáńdípépà 40 sá a ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà 60. Pákó tí etí rẹ̀ ká sókè nítorí ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀, ẹ má tíì fá a: ẹ jẹ́ kó gbẹ kó sì padà sí ipò rẹ̀ ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àárín rẹ̀ ló máa wú sókè nígbà tó bá gbẹ tán.

Èyí tó jìn, ẹ má fi iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì dí i. Á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ gé plywood 3mm sí bátànì kòtò náà, ìpele kékeré nísàlẹ̀, èyí tó tóbi jù lókè, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì fá etí wọn. Gọ́ọ̀mù tí a fi ìyẹ̀ ayùn pò dára fún ojú ìṣó nìkan. Nínú àlàfo tó ju 4mm lọ, á yọ kúrò. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ irú kan náà ni kí ẹ fi dí ìyẹn.

Apakòkòrò_Ìwó_Road
Kí ẹ tó sá ohunkóhun: bí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà àtijọ́ tàbí gọ́ọ̀mù dúdú bá wà lójú pákó, ẹ má sá a ní gbígbẹ. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1980 lè ní asbestos (fọ́nrán tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) nínú, ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé. Bí ó bá dì mọ́lẹ̀, ẹ fi plywood bò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi rin ín, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ìyàwó_Agodi
Ẹ ṣeun gidi. Plywood wo ni ká rà, báwo la ṣe máa kàn án? Ẹnì kan ní marine board ló dára jù torí omi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà
Marine board tó ń dán lójú, tí àwọn oníkọnkéré fi ń ṣe fọ́ọ̀mù, kò dára fún èyí, gọ́ọ̀mù vinyl kì í lẹ̀ mọ́ dídán yẹn. MDF (pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi ṣe) náà kò dára, ó ń wú bí omi bá kàn án. Plywood tí ojú rẹ̀ kò dán, tí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ irú tó ń gba omi, ni kí ẹ béèrè. Ẹ kan án káàkiri kí ẹ tó san owó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ihò bá wà láàárín àwọn ìpele, ẹsẹ̀ àga á wọ ojú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ tò ó bí bíríkì, kí igun mẹ́rin má pàdé. Ara ìṣó ínṣì 2 (nínípọn rẹ̀, kì í ṣe gígùn rẹ̀) ni kí ẹ fi dá àlàfo láàárín pátákó méjì, 10mm sí 12mm sí ògiri. Síkúrù ní 150mm síra ní etí, 200mm ní àárín, kí ti etí wọlé tó 12mm. Pátákó fíìtì 4 sí 8 kan á gba nǹkan bíi 100 sí 110. Inú pákó nìkan ni kí síkúrù yìí dé, kó má dé igi ìdábùú. Fún plywood 9mm lórí pákó ínṣì 1, 30mm ti tó. Lẹ́yìn náà ẹ fi fílà (filler, ohun tí a fi ń dí ihò) dí àlàfo àti orí síkúrù, ẹ sá a, ẹ gbá a mọ́ tónítóní. Hóró iyanrìn kan lábẹ́ vinyl á hàn.

ỌmọÒkèÀdó
Tí àwa náà bá fẹ́ fi plywood sí i, ṣé yóò ní ohun tó máa dí lọ́wọ́?

AyàwòránIlé_Jericho
Àtẹ̀gùn ni. Plywood 12mm, fóòmù 3mm, laminate 8mm: 23mm lẹ fi gbé ilẹ̀ sókè. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn yín á wá ga ju àwọn tó kù lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó bá ju nǹkan bíi 10mm lọ ti tó láti gbé àgbàlagbà ṣubú. Nínú pálọ̀ yín, ẹ fi pákó síbẹ̀ láìsí plywood bí ó bá tẹ́jú: fóòmù àti laminate nìkan jẹ́ 11mm, èyí tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà lè yanjú. Bí pálọ̀ bá ṣí sí orí àtẹ̀gùn tààrà, ẹ dá laminate dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, kí ẹ fi pákó àtijọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn náà, ẹ yọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọn gíga ilẹ̀ tuntun tán, kí ẹ tó gé ìdí rẹ̀.